Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì, Ẹsẹ̀ Yorùbá: Lámèyítọ́ Eré Onítàn Ọmọdé ní Agbègbè Fádèyí

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín Fádèyí, Ṣómólú àti Bàrígà, eré onítàn lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í wọ́n níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Ìwé ètò a máa dára lójú, nítorí Ṣómólú lókìkí fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ohun tí ìwé ètò kì í sọ ni iye tó yé ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ tó há sórí.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí a máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó sọ̀rọ̀ láìkólòlò, àmọ́ àìkólòlò kì í ṣe òye. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ń béèrè pé kí òṣèré gbọ́ ohun tí ẹnìkejì sọ kí ó tó fèsì. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn eré yìí, ọmọ kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni; ó kàn ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án ni. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, eré dúró nìyẹn, àfi bí àǹtí bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

Ìbéèrè tó ní ìyísódì nínú jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé, “Ṣé o kò tíì jẹun?”, tí kò sì tíì jẹun, yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni”, nítorí ó gbà pé òótọ́ ni ohun tí a sọ. “No” ni Gẹ̀ẹ́sì ń retí. Ọmọ tó há “No” sórí kò mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó di abọ́ òfìfo mú lórí ìtàgé lè fura pé inú abọ́ ni ìdáhùn wà. Bákan náà ni “he” àti “she”, tí “ó” kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún nínú Yorùbá: gèlè àti fìlà lè sọ ìyàtọ̀ náà di àfojúrí.

Ti ìkíni tún yàtọ̀. Ọmọbìnrin tó ń sọ “Good morning” fún àgbà inú eré lè kúnlẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé eré. Olùkọ́ tó bá ka èyí sí àṣìṣe kò wo eré náà dáadáa. Ọmọ náà mọ ẹni tó ń kí.

Àlọ́ ló sún mọ́ irú eré yìí jù. Nínú àlọ́ Ìjàpá tó fi fìlà bo àsáró gbígbóná mọ́rí nílé àna rẹ̀, “It is hot” nìkan, tí ègbè ń gbè léraléra, lè gbé eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oríṣiríṣi ìtumọ̀ ni yóò sì ní lẹ́nu àna, lẹ́nu ìyàwó àti lẹ́nu Ìjàpá fúnra rẹ̀.

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti èrò yìí lẹ́yìn. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà, olùkọ́ àkànṣe ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Fádèyí kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Ìgbò, ọmọ Ègùn àti ọmọ Ìlàjẹ lè jọ jókòó ní kíláàsì kan, àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn kò sì gbọ́ àlọ́ rí nílé. Òbí tó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀tá èdè rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ yóò rí ṣe lọ́la ló ń wò.

Ohun tó ṣòro láti gbè lẹ́yìn ni bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún èdè méjèèjì: Gẹ̀ẹ́sì gba eré, Yorùbá gba ijó ìbílẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń jó láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ní Bàrígà yìí kan náà ni Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996, ti ń po ijó, orin àti ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú eré kan. Láti Fádèyí, ibẹ̀ kò jìnnà.