Ẹsẹ̀ Mẹ́rìnlélógún

Nínú ihò ṣáájà fóònù tó ń lo USB-C, ahọ́n pẹlẹbẹ kan wà tí ẹsẹ̀ 24 tò sí lára, méjìlá lókè, méjìlá nísàlẹ̀. Èyí tó ń gba iná wọlé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù òun di kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì, àwọn ẹsẹ̀ tó kù gan-an ló ń sanwó fún.

Èrò náà ti pẹ́ nílẹ̀. Motorola dán an wò ní 2011 pẹ̀lú fóònù Atrix. Ní 2016 ni HP gbé Elite x3 jáde fún àwọn oníṣòwò, fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì mẹ́fà, tó ń fi ìtẹ̀ka àti ẹyinjú dá ẹni tó ni ín mọ̀. Wọ́n ṣe ìjókòó fún un tó ní ihò fún móníto, kíbọọ̀dù àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ṣe Lap Dock, ohun tí gbogbo ayé máa pè ní láptọ́ọ̀pù, àmọ́ tí kò ní ọpọlọ kankan nínú: ojú, kíbọọ̀dù àti bátìrì lásán, ó ń dúró de fóònù. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dáa. Windows 10 Mobile tó gbé wọ̀ ló bà á jẹ́, torí kò lè ṣí àwọn ètò Windows tí ọ́fíìsì ń lò lójoojúmọ́, àfi kéèyàn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ ṣí wọn lára kọ̀ǹpútà mìíràn níbi tó jìnnà. Nígbà tó fi máa di January 2020, Microsoft ti pa á tì pátápátá.

Samsung ló rìn ín jìnnà. Nígbà tí DeX, ètò wọn tó ń sọ fóònù di kọ̀ǹpútà, jáde pẹ̀lú Galaxy S8 ní 2017, ìjókòó tí wọ́n ń tà fún un ní fáànù kékeré nínú, tó ń fẹ́ sí fóònù lẹ́yìn kó má baà gbóná jù. Nígbà tó fi máa di 2018 tí Note 9 dé, wọ́n ti yọ ìjókòó kúrò pátápátá: wáyà kan péré láti ihò ṣáájà sí ẹnu HDMI móníto, ó ti tó. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n yọ yẹn ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Lẹ́tà tí ò ń tẹ̀ wà lójú móníto, ìpè wọlé, o gbé fóònù sétí, lẹ́tà ò mira. O sì lè fi ojú fóònù ṣe máòsì.

Ní Opebi nílùú Èkó, láti ojú títì rẹ̀ títí dé Allen, ọ́fíìsì kéékèèké pọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: agbẹjọ́rò, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, àwọn tó ń bá èèyàn wá ilé. Otigba, níbi tí ọjà Computer Village wà, kò jìnnà sí wọn. Galaxy tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé jáde níta mọ́, ní ẹ̀dínwó ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Kí ló kan móníto bí ojú fóònù bá sán?

Ibi tí wàhálà wà ni ihò ṣáájà yẹn. Eruku wọ̀ ọ́, ṣáájà gbàrọgùdù fọ́ ọ, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Mo jókòó ti ẹnjinía kan nítòsí Opebi nígbà tí obìnrin kan gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ wá. “Ẹnjinía, ẹ kú iṣẹ́. Ó ń gba iná o, àmọ́ kò gbé àwòrán jáde mọ́ látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe.”

“Ẹ jókòó, ma.” Kò gbé súkúrúdẹráfà. Ó mú wáyà ṣáájà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jẹ́ USB-C, ó kì í bọ ihò fóònù náà, iná wọlé. Ó yọ ọ́, ó yí ẹnu wáyà padà, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Kẹ́kẹ́ pa. “Ìlà kan ló ń ṣiṣẹ́, ma. Ìlà kejì ò jókòó.”

Ó mọ̀ ọ́n láì tíì ṣí i. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kan tó máa ń bá ṣáájà sọ̀rọ̀ kí iná tó wá. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń gbé àwòrán sì pín sí ìlà méjèèjì. Bí ìlà kan bá kú, àwòrán ò lè dé. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe ti jó ìlà tó wà níta dáadáa, àmọ́ ìlà tó fara pamọ́ sábẹ́ irin, tí ojú kò rí, òjé ò mú un.

Ó fi ooru ṣí ẹ̀yìn fóònù, ó yọ bátìrì, ó fi téèpù tí kì í jó bo gbogbo ohun tó yí ihò náà ká. Ó ta flux, èròjà tó ń jẹ́ kí òjé ṣàn dáadáa, sí i, ó wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná yí i ká bí ẹni ń fi ìyẹ́ gbá eruku, kò dúró lójú kan. Kò fi agbára fa nǹkan kan. Nígbà tí òjé yọ́, ihò náà gbéra fúnra rẹ̀, ó sì fi tẹ́sà gbé e kúrò. Ó nu ojú pánẹ́ẹ̀lì mọ́, ó fi òjé tuntun tín-ín-rín kun ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó gbé ihò tuntun lé e díẹ̀ sápá kan. Mo rò pé ó ṣì í gbé ni. Ó tún fẹ́ ooru sí i, ó fi ẹnu tẹ́sà kàn án fẹ́ẹ́, òjé yíyọ́ náà sì fà á wọ àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló gbé ooru kúrò. Bó bá pẹ́ sí i, ahọ́n ike inú ihò á wọ́.

Ó fi mítà wo ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dá bátìrì padà, ó so fóònù mọ́ móníto eléruku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, DeX ṣí. Ó yí wáyà padà, ó tún ṣí.

Wọ́n mú iná lọ kí obìnrin náà tó sanwó. Móníto kú, fóònù ò kú, lẹ́tà tó ṣí lórí Google Docs ṣì wà níbẹ̀. Nínú ọ́fíìsì tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò lè ṣe nìyí. Ínfátà kékeré sì lè gbé móníto kan.

Ṣùgbọ́n akáwùǹtáǹtì tó ń lo Peachtree, má wulẹ̀ wá. CorelDRAW àti AutoCAD ti Windows ò ní ṣí lórí rẹ̀, Excel orí fóònù ò sì ní ṣiṣẹ́ macro. Lẹ́tà, ímeèlì, ìpàdé orí Zoom, ìwé owó oníbàárà: ibi tó mọ nìyẹn, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí mo mọ̀ ní Opebi.

Bó o bá lọ ra irú fóònù yìí ní Otigba, má wo ojú rẹ̀ tó ń dán. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ní ihò USB-C tí kò ní ẹsẹ̀ àwòrán rárá. Mú wáyà USB-C sí HDMI dání, so ó, yí i padà, tún so ó. Bí olùtajà bá ní kò sí móníto nítòsí, ní kó lọ wá a. Ní àdúgbò yẹn, móníto pọ̀ ju àga lọ.