Orí Lórúkọ Ju Ẹ̀yìn Lọ: Lámèyítọ́ Ọ̀rọ̀-ìperí Ẹ̀yà Ara ní Èdè Yorùbá

Nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, orí ni ó sábà máa ń gba àyè jù. Àtàrí ni òkè orí. Iwájú orí wà níwájú, ìpàkọ́ wà lẹ́yìn, ẹ̀bátí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Agbárí sì ni eegun tí ó bo ọpọlọ. Àwùjẹ̀ pàápàá, ibi rírọ̀ tí eegun kò tíì pàdé lórí ìkókó, ní orúkọ tirẹ̀. Ìyá tí ó ń wẹ ọmọ mọ ìdí rẹ̀: bí àwùjẹ̀ bá jìn wọnú, ó lè jẹ́ àmì pé omi ara ọmọ ti dínkù. Ọwọ́ ìyá, ti onígbàjámọ̀ àti ti onídìrí kì í kúrò lórí. Ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ kì í ṣàìní orúkọ.

Bí àtòjọ kan náà bá dé ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀. Yóò kọ “eegun ẹ̀yìn” tàbí “ọ̀pá ẹ̀yìn”, yóò sì kọjá sí ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Eegun 33 ni wọ́n sábà máa ń kà níbẹ̀: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà níbi tí egungun ìhà ti so mọ́ ọn, 5 ní ìbàdí, 5 tí ó lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan láàárín ìgbáròkó méjèèjì, àti bíi 4 kéékèèké ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nínú àtòjọ, orúkọ kan náà ni ẹyọ kan àti gbogbo wọn ń jẹ́.

Àṣìṣe tí ó burú jù wà nínú “mùdùnmúdùn”. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò fún ohun rírọ̀ tí ó wà nínú eegun. Òun náà ni wọ́n tún ń lò fún okùn tí ó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá láti ọpọlọ. Nǹkan méjì ni wọ́n. Bí dókítà bá ń fura sí àrùn yírùnyírùn, ó lè fẹ́ fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn aláìsàn. Lára àgbàlagbà, okùn náà sábà máa ń parí sí ibi eegun kìíní tàbí ìkejì ní ìbàdí. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá sọ fún ẹbí pé wọ́n fẹ́ gún mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, ẹbí wo ni yóò gbà?

Kò di dandan kí a yá gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Látìn. Ní ọdún 1970, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà ara nílò. Kí “ọ̀pá ẹ̀yìn” jẹ́ ti odindi, kí “eegun ẹ̀yìn” jẹ́ ti ẹyọ kan, kí a fi ibi tí ó wà pè é: eegun ẹ̀yìn ti ọrùn, ti àyà, ti ìbàdí. Kí “okùn ọ̀pá ẹ̀yìn” gba iṣẹ́ tirẹ̀, kí mùdùnmúdùn sì padà sínú eegun.

Gbogbo èyí yóò já sí asán bí kò bá sí àmì ohùn. Láìsí i, ọpọlọ di ọ̀pọ̀lọ́, eegun di eégún, àyà di aya, ẹ̀yìn sì di ẹyin tàbí ẹyìn.

Yorùbá ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ẹ̀yìn rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: aláìsàn kò lè rí tirẹ̀, orúkọ tí dókítà àti ògbufọ̀ bá fi pè é nìkan ni ó lè gbẹ́kẹ̀ lé.