Ìbọn Tí Kì Í Kọ̀: Walther PPK Nínú Sinimá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ní Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, dojú ìbọn oníke kọ bàbá wa nínú pálọ̀. Ó kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ojú kan, ó ní orúkọ òun ni James Bond. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá nìkan. Wọ́n rọra gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì jáde síta.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ wa ní fíìmù James Bond wíwò, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé: kí ni àwọn fíìmù wọ̀nyí ń sọ fún wa nípa ìbọn kékeré tó wà lọ́wọ́ akọni wọn? Mo tún wò wọ́n, mo sì fi wọ́n wé fíìmù kan láti Kòríà tí ìbọn kan náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Walther PPK ni orúkọ ìbọn náà. Ilé iṣẹ́ Carl Walther ní ìlú Zella-Mehlis, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tí wọ́n ń pè ní PP jáde ní 1929 fún àwọn ọlọ́pàá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí PPK, tó kéré jù ú lọ, fi tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe PPK fún, àwọn tó ní láti fi ìbọn pamọ́ sábẹ́ kóòtù. Gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 16. Bí ó bá jẹ́ ọta mìlímítà 7.65 ló ń lò, méje ni àpò ọta rẹ̀ ń gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: wọ́n ṣe ìbọn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Sinimá ló gbé e síta kí gbogbo ayé lè máa wò ó.

Bond kọ́ ló kọ́kọ́ ní PPK, PPK kọ́ sì ni Bond kọ́kọ́ lò. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí Ian Fleming kọ nípa rẹ̀, Casino Royale, tó jáde ní 1953, Beretta kékeré kan ló ń gbé kiri. Ní 1956, ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa ìbọn dáadáa, Geoffrey Boothroyd, tó ń gbé ní Glasgow, kọ lẹ́tà sí Fleming. Ó ní ìbọn obìnrin ni Beretta yẹn, kò sì lágbára tó fún irú iṣẹ́ tí Bond ń ṣe. Fleming kò bínú. Nígbà tí ìwé Dr. No jáde ní 1958, ó gba PPK fún Bond, ó sì fi orúkọ Boothroyd sọ ọ̀gágun tó mọ̀ nípa ohun ìjà nínú ìtàn náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ bí akọni yóò ṣe rí lójú ènìyàn ti wà nínú yíyan ìbọn yìí.

Nígbà tí wọ́n sọ Dr. No di fíìmù ní 1962, tí Terence Young darí rẹ̀, ìran ìbọn yẹn wà nínú rẹ̀. Sean Connery ni Bond. Bernard Lee ni M, ọ̀gá rẹ̀. M ní kí Bond gbé Beretta rẹ̀ sílẹ̀. Bond jiyàn pé ọdún mẹ́wàá ni òun ti ń lò ó. M rán an létí pé ìbọn yẹn ti kọ̀ fún un lẹ́nu iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn, tó fi lo oṣù mẹ́fà nílé ìwòsàn. Boothroyd wọlé, ó gbé ìbọn tuntun lé Bond lọ́wọ́, ó sì yìn ín. Bí Bond ti ń jáde lọ, ó fẹ́ fi ọgbọ́n gbé Beretta rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ rí i, ó sì ní kó fi í sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìran yìí, n kò ní purọ́. Kò gùn, síbẹ̀ ó jẹ́ ká mọ irú ẹni tí Bond jẹ́: òṣìṣẹ́ ni, ó ní ọ̀gá, ó sì lè ṣorí kunkun bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlérí tí ìran náà ṣe fún wa. Ìbọn àtijọ́ kọ̀, ó sì gbé Bond dé ilé ìwòsàn. Èyí tuntun kò ní kọ̀. Lórí ìlérí yẹn ni gbogbo fíìmù tó tẹ̀lé e dúró lé. Láti ìgbà náà, bí Bond bá ti na ọwọ́, ìbọn á dún, ọ̀tá á ṣubú, Bond á sì tún táì rẹ̀ ṣe.

Nǹkan méjì wà tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo mọ̀ nípa wọn. Èkíní ni pé ìbọn tí wọ́n gbé fún Connery nínú ìran yẹn kì í ṣe PPK rárá. PP ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èkejì ni ti àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí Bond ti gbé ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ ojú, tí àbúrò mi ń sín jẹ. Nígbà tí David Hurn fẹ́ ya àwòrán Connery fún ìpolówó fíìmù From Russia with Love, kò sí PPK nítòsí. Ìbọn afẹ́fẹ́ tirẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Walther náà ṣe, tí ẹnu rẹ̀ gùn ju ti PPK lọ, ló gbé fún un. Ìbọn tí ènìyàn fi ń ta àmì sára pátákó ni a ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá! Ẹ ò rí i pé òwe àwọn àgbà ṣẹ: apátí wà níbẹ̀, apátí kò sí, a ti gbà pé ìbọn ni. Ohun tí fíìmù nílò kì í ṣe ìbọn gan-an. Ó nílò ohun tó bá kóòtù lọ, bí aago ọwọ́ àti bàtà dúdú.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a kúrò nínú fíìmù díẹ̀, kí a lọ sí òpópónà The Mall ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1974. Ọmọbìnrin Ọba Gẹ̀ẹ́sì, Anne, àti ọkọ rẹ̀ ń padà lọ sí ààfin ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin kan fi ọkọ̀ dí wọn lọ́nà, ó fẹ́ fi ìbọn jí ọmọ ọba gbé. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn, Jim Beaton, sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìbọn rẹ̀ yọ. Walther PPK ni. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, kò bá ọkùnrin náà. Nígbà tó fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn kọ̀. Beaton fi ara rẹ̀ dí ìbọn ọ̀tá, ọta mẹ́ta ló sì gbà sára. Orí kó o yọ, kò kú, ọmọ ọba náà kò sì fara pa. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ George Cross dá Beaton lọ́lá. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba PPK kúrò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìdílé ọba.

Kì í ṣe ìbọn ni akọni ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí ìbọn kọ̀ gan-an ni ìgboyà Beaton ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Mo ronú pé bó bá jẹ́ fíìmù Bond ni, a kì bá tí rí irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí ìbọn kì bá tí kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí fíìmù. Ní 2012, Sam Mendes darí Skyfall, Daniel Craig sì ni Bond. Q, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pèsè ohun èlò, pàdé Bond nínú ilé àwòrán ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fún un ní irú PPK kan tó mọ àtẹ́lẹwọ́ Bond. Bí ẹlòmíràn bá mú un, kò ní dún. Nígbà tó yá, ọ̀tá kan gbé ìbọn náà, ó fà á, ìbọn kò dá a lóhùn, ẹranko ńlá kan sì wọ́ ọ lọ. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà yìí, ìbọn kọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá ló kọ̀ fún. Ó ti di ìránṣẹ́ tó mọ olówó rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe òótọ́ sí Skyfall, nítorí ó gbìyànjú ju àwọn ìyókù lọ. Ìran kan wà níbi tí wọ́n ti fipá mú Bond pé kó yin ife ọtí tí wọ́n gbé lé orí obìnrin kan, Séverine. Ọwọ́ Bond gbọ̀n. Kò bá ife náà. Ọ̀tá rẹ̀ sì yin ìbọn tirẹ̀, ó pa obìnrin náà. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, fíìmù náà jẹ́ kí a mọ bí ìbọn ṣe wúwo tó. Àmọ́ ìbọn àtijọ́ kan ló wà lọ́wọ́ Bond níbẹ̀, kì í ṣe PPK. Kí ni Bond sì sọ nígbà tí obìnrin náà kú? Ó ṣe àwàdà nípa ọtí tó ṣòfò. Níbẹ̀ ni fíìmù náà ti já mi kulẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wa, wọ́n sì yára tì í kí a tó yọjú wo inú ilé.

Fíìmù tó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ni The Man Standing Next, tí Woo Min-ho darí ní 2020. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà ni wọ́n gbé e kà: ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1979, ní ìlú Seoul, Kim Jae-gyu, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orílẹ̀-èdè náà, yìnbọn pa ààrẹ rẹ̀, Park Chung-hee, nídìí oúnjẹ alẹ́. Walther PPK ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìbọn náà kọ̀ láàárín kan, ó sì ní láti sáré lọ gba òmíràn. Nínú fíìmù náà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà díẹ̀, Lee Byung-hun ló sì ṣe é. Kóòtù tó wọ̀ dára bíi ti Bond. Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn kọ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó kàn nínú yàrá yẹn, òun pàápàá kò mọ̀. Nígbà tó padà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ṣubú. Kò sí orin akọni níbẹ̀. Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ odidi orílẹ̀-èdè wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n jọ jẹun. Ìbọn kan náà ni o. Ohun tó yàtọ̀ ni pé fíìmù yìí dúró ti ohun tí ìbọn náà ṣe.

Ẹlòmíràn lè sọ pé eré lásán ni Bond, pé kò sí ẹni tó ń lọ kọ́ ìbọn yíyìn nídìí rẹ̀. Mo gbà pé eré ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí léraléra ni ọwọ́ ń sín jẹ, ọwọ́ àbúrò mi sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo bi Bàbá léèrè ìdí tí wọn kò fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá sọ fún mi pé kí wọ́n tó bí mi, àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ àwọn dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dojú ìbọn ìléwọ́ kékeré kọ wọ́n láyà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn ni mo ń wò, n kò wo ìbọn. Mo mọ̀ pé kò ní láti fẹ́ pa mí kó tó pa mí.” N kò mọ ohun tí mo lè fèsì, mo kàn ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.”

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń wo fíìmù tí ìbọn wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni mo ń wò. Mo sì ń wo ẹni tó ṣubú: ṣé fíìmù náà dúró tì í, àbí ó ti yára bá akọni lọ síbi àpèjẹ? Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fíìmù nìyí, mo sì rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi pé kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. N kò ní ká má wo Bond mọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi bá jókòó tì wá, mo ti ṣètò ohun tí n ó sọ fún un nígbà tí ìbọn bá dún: n ó bi í pé, “Ẹni tó ṣubú yẹn ńkọ́?” Ìbọn oníke rẹ̀ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tíì béèrè rẹ̀.