Títọrọ Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Jíjìn

Ìwé ìrìn-àjò tí ó ń ròyìn ohun tí ojú rí nígbà tí ẹsẹ̀ ń lọ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí tí ó ń sọ òtítọ́ nípa wákàtí tí ènìyàn fi dúró lójú kan kò tó nǹkan. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé fi ara balẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé On the Road, tí Jack Kerouac, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1957. Eré tí ìwé náà ń sá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yìn ín. Ní tiwa, ibi tí ó ti dúró ni ó dára jù.

Sal Paradise, ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà, jáde kúrò ní Paterson ní oṣù Keje ọdún 1947, pẹ̀lú 50 dọ́là lápò. Ó ti rí ìlà pupa kan nínú àwòrán ilẹ̀, ọ̀nà tí a fi nọ́ńbà 6 sàmì sí, tí ó la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó pinnu láti máa tọ ìlà náà lọ, kí ó sì máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé afárá Bear Mountain, ìhà àríwá ni ó ṣì ń lọ. Kò ju 40 máìlì sí New York. Òjò ńlá dé bá a níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tí ń kọjá. Ó sọkún, ó sì bú ara rẹ̀. Ẹlẹ́mọ́tò kan ni ó là á yé e pé ọkọ̀ kì í gba ọ̀nà náà. Ó padà sí New York nínú bọ́ọ̀sì tí ó kún fún àwọn olùkọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì sú u. Kí ẹ̀yin olùkọ́ má bínú sí i.

Àwọn àgbà ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí kìnìún bá wà ni a ti ń fún un. Bí Sal ìbá fi sùúrù dúró lórí afárá náà títí di ọjọ́ kejì, kí ni ìbá rí gbà? Àìnísùúrù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nígbà tí ó gba àwòrán gbọ́ láìbèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi í wé Tom Joad nínú The Grapes of Wrath, tí John Steinbeck tẹ̀ jáde ní ọdún 1939. Tom ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n ní Oklahoma. Kò dúró sí aṣálẹ̀. Ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gúnlẹ̀ sí, ni ó ti dúró de awakọ̀. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà kọ̀ fún un láti gbé èrò, ṣùgbọ́n Tom mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi dé ọkàn rẹ̀. Awakọ̀ gbà, ó ní kí ó ba mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí wọn yóò fi yí kọ́nà.

Àléébù kan wà tí a kò lè ṣàìsọ nípa ìwé Kerouac. Ní Nebraska, Sal àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eddie jọ ń tọrọ ọkọ̀ nínú òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Sal fún un ní ẹ̀wù onírun kan wọ̀. Nígbà tí ẹni tí ó lè gbé ẹnì kan ṣoṣo dé, Eddie fò wọlé láìsọ̀rọ̀, ó sì gbé ẹ̀wù lọ. Òǹkọ̀wé fi ẹ̀fẹ̀ dágbére fún ẹ̀wù náà, ó sì sáré kọjá. Ó yẹ kí ó dúró díẹ̀ sí i níbẹ̀, nítorí ẹni méjì tí wọ́n jọ ń retí ọkọ̀ kan kò tíì mọ ara wọn títí ọkọ̀ náà yóò fi dé.

Bí ẹ bá ń ka ìwé méjèèjì yìí fún kíláàsì, ẹ má ṣe bi àwọn ọmọ léèrè iye máìlì tí Sal rìn. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀ kí ó tó jáde nílé?