Ọ́ìlì Dúdú Tí Ń Yọ́ Irin

Bí àlejò bá wọ Ìwó Olódò Ọbà, ìlú ọmọ odídẹrẹ́, ní ìdájí ọjọ́ tí ọyẹ́ mú hanhan, tí ó sì gbọ́ ìró kan tí ń hó wùùù bí ẹni pé wọ́n sé ìjì mọ́ inú àgbá, kí ó má fòyà: èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi ni a ti tan iná ìléru wa, iná tí ó jẹ́ pé ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń tú dànù lábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìkòkò ni mo ń dà, ìkòkò alumíníọ̀mù tí àwọn alásè ń gbé kaná níbi ìnáwó, tí wọ́n sì ń rà lọ́jà Odò Orí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé bí mo bá rin ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta péré, òórùn yanrìn gbígbóná a máa wù mí bí ọbẹ̀ ilé.

Èédú ni mo bá lọ́wọ́ ọ̀gá mi, bí àwọn tó ń da irin ṣáájú wa ti ṣe lò ó láti Ifẹ̀. Ìtàn ìlú wa sọ pé Telu, ọmọ Lúwòó Gbàgìdá, obìnrin kan ṣoṣo tó jọba ní Ifẹ̀, ni baba ńlá wa tó ti Ifẹ̀ jáde. Bí mo bá sì ti ro Ifẹ̀, ọkàn mi a lọ sí agboolé Wúnmọníjẹ̀, níbi tí àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 ti hú àwọn orí tí a fi bàbà àti idẹ dà, tí ojú wọn tutù bí ojú ẹni tó ń mí. Bàbà kì í yọ́ àfi bí iná bá tó ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius, alumíníọ̀mù tèmi kò sì gbà ju 660 lọ. Mélòó ni igi tí àwọn baba wọ̀nyẹn sun di èédú kí orí kan tó jáde? Igbó ń bẹ nígbà tiwọn. Nígbà tiwa, ibi tí eléèédú ti ń ru igi bọ̀ ń jìn sí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì, lítà 4 tàbí 5 nínú mọ́tò kéékèèké kan ṣoṣo, ń ṣàn lọ sínú gọ́tà; ìdí nìyẹn tí mo fi yí sí i.

Ààrò náà kò ní ìrísí ìyanu. Dúróòmù irin tí a fi amọ̀ àti bíríkì rẹ́ nínú ni. A lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, páìpù atẹ́gùn ti ẹnu fáànù wọ ihò náà, páìpù tín-ín-rín mìíràn sì ń kán ọ́ìlì sínú rẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì tí a gbé kọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì dúdú kì í ṣe kẹrosíìnì: ju ìṣáná sí i, ìṣáná ni yóò kú, nítorí pé kì í ṣe ara rẹ̀ ni ń jó bí kò ṣe ooru tí ń ti ara rẹ̀ jáde nígbà tí ó bá gbóná dé góńgó. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ fi ihá àti èésan dáná sínú ààrò títí amọ̀ inú rẹ̀ yóò fi pọ́n bí osùn, kí a tó ṣí ẹnu táápù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọ́ìlì bá ju atẹ́gùn lọ, èéfín dúdú á bolẹ̀; bí atẹ́gùn bá ju ọ́ìlì lọ, ààrò á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, iná á sì máa wúkọ́. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́ra: ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ògiri mi lè wo ojú ọ̀run kí ó sọ bóyá èmi ni mo wà nídìí táápù tàbí ọmọ tó dé lánàá. Nígbà tí méjèèjì bá bára mu, èéfín á pòórá, ìró á di ọ̀kan ṣoṣo, gbooro, láìgbọ̀n, inú mi a sì dùn bí ẹni pé mo ń gbọ́ ìlù tí wọ́n fi ń pe orúkọ mi.

Omi ni ọ̀tá wa. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá ìsọ̀ sílẹ̀, mo gba kẹ́ẹ̀gì kan tí òjò ti wọ̀, mo sì dà á lò lọ́jọ́ náà. Ìsàlẹ̀ ọ́ìlì ni omi ń lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni táápù ti ń fà. Nígbà tí omi dénú iná, tí ó di ooru, tí ó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700 lẹ́ẹ̀kan náà, iná fò jáde, ó sì lá mi lápá òsì dé ìgbúnwọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ́ìlì mi ń sinmi fún ọjọ́ méje, òkè rẹ̀ ni mo ń bù, aṣọ ni mo fi ń sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń kán díẹ̀ sórí irin gbígbóná: bí ó bá ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà níbẹ̀.

Alumíníọ̀mù kì í pọ́n lójú ọ̀sán kí ó tó yọ́. Funfun bíi fàdákà ni yóò dùbúlẹ̀, ẹni tó bá sì dúró de pípọ́n rẹ̀ yóò sun ún jù, ìkòkò rẹ̀ yóò sì dá ihò wínníwínní sára. Mo ń gbá ìdàrọ́ kúrò lójú rẹ̀, mo sì ń dà á sáàárín yanrìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró. Pisítìn àti orí ẹ́ńjìnnì ni mo ń yọ́. Rédíétọ̀ tí wọ́n fi òjé jó kò gbọdọ̀ wọ ilé mi, nítorí àwọn tó yẹ ìkòkò alumíníọ̀mù àfọwọ́dà wò ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014, rí òjé tí ń yọ́ jáde lára rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì jẹun nínú tèmi. Òjé lè wà nínú ọ́ìlì pẹ̀lú; nítorí náà a kì í dúró sápá ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ, a kì í sì í fi iná yìí yan iṣu, bí ebi ti wù kí ó pa ọmọṣẹ́ tó.

Mo gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, nítorí òtútù, irú ọ́ìlì yìí ni àwọn kan fi ń mú inú ìsọ̀ mẹkáníìkì gbóná. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa mú kí ọ́ìlì ki, tí yóò fi máa kán bí oyin, àfi kí a gbé kẹ́ẹ̀gì sún mọ́ ara ògiri tó ti gbóná. Ibẹ̀ náà ni ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà ti ń wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí iná láràárọ̀, á ní, “Bàbá onírin, ẹ kú iná o,” á sì dúró títí a ó fi kan ìkòkò àkọ́kọ́ ní ìka, tí yóò dún gbọ̀ọ̀ọ́.