Ṣànpọ̀nná nínú Fọ́tò Rótìmí Fani-Káyọ̀dé

Kì í ṣe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì ni Rótìmí Fani-Káyọ̀dé (1955–1989) ń dọdẹ kiri. Ó ń to ohun tí yóò yà jọ ná: ara ènìyàn, ọ̀dà, iná, ẹ̀rọ ni ó kẹ́yìn. Èkó ni a bí i sí, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Ìlú Ọba ní 1966.

Nínú fọ́tò rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Sonponnoi (1987), ara ọkùnrin ni òǹwòran rí, kò rí orí. Ọ̀dà funfun àti dúdú rí tótòtó lára rẹ̀, ó sì di àbẹ́là mẹ́ta tí ń jó mú níwájú abẹ́. Àwọn olùsìn kì í dárúkọ òrìṣà yìí gbàù. Olóde ni wọ́n ń pè é. Bí àgbàlagbà bá bínú sí àkọlé náà, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ní 1980 ni a ti kéde pé ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Àrùn éèdì ni ó ń pa ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tí a ya fọ́tò yìí. Tótòtó náà lè jẹ́ egbò, ó sì lè jẹ́ efun ìwòsàn. Àìyanjú yìí ni agbára rẹ̀.

Ní 1988, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Àfiwé náà kò pé. Àárín àwọn abọ̀rìṣà tí ó lè dá wọn lóhùn ni àwọn yẹn wà. Orí elégùn sì ni òrìṣà ń gùn; orí yẹn gan-an ni fọ́tò yìí gé kúrò.