Orúkọ Ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí Ìdájọ́: Láti orí Asọ̀rọ̀mágbèsì dé orí Abẹ́yẹfò

Bí nǹkan àjèjì bá wọ ìlú, orúkọ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbà kí ó tó rí ibùjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọkọ̀ ojú irin àti iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń rí fún àwọn ẹ̀rọ tí ìròyìn àti àríyànjiyàn ayé òde òní ń gba inú wọn kọjá. Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Yorùbá sábà máa ń wo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ojú gírámà nìkan: wọn a tú u sí mọ́fíìmù, wọn a tọ́ka sí ibi tí fáwẹ̀lì ti pajẹ, wọn a sì kọjá. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń lépa yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń ka orúkọ ẹ̀rọ bí lámèyítọ́ ṣe ń ka oríkì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ nípa nǹkan, tí ó gbóríyìn fún un tàbí tí ó bù ú kù, tí ó rí apá kan tí kò sì rí apá kejì. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ tí àwọn ìṣáájú fún ẹ̀rọ ìròyìn sọ irú àjọṣe tí ó wà láàárín ẹ̀rọ àti olùgbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tí àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń fún ẹ̀rọ ayélujára ń ki ẹ̀rọ náà ni, wọn kò bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Orí asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: a-sọ-ọ̀rọ̀-má-gba-èsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò káàkiri ilé ní Èkó, ètò náà sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí tí wọ́n gbé sínú ilé ẹni tí ó bá san owó kò wúlò fún ohun mìíràn ju gbígbọ́ lọ. Onílé lè mú ohùn náà lọ sókè tàbí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yan ohùn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá èyí tí ó ń gbọ́ lóhùn. Láti London ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ níbẹ̀ sì ti ń wá. Ara irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà bá mu jù lọ. Nínú àwùjọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì kò tíì pé. Apààlọ́ tí ó bá ké pé "Ààlọ́ o" yóò dúró de "Ààlọ̀" kí ó tó tẹ̀síwájú, ẹni tí ó bá sì kí ènìyàn láàárọ̀ tí kò dúró gbọ́ "a dúpẹ́", kò tíì kí i. Nítorí náà, ẹ̀fẹ̀ wà nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, ìbáwí sì wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà: ẹ̀rọ yìí ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù àgbà láti gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn. Láìka ìwé kankan lórí ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti rí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nípa rédíò ìjọba amúnisìn.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, orúkọ tí ó wá jẹ́ ni amóhùnmáwòrán. Ó dún bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n etí ni ó ń tan olùgbọ́ jẹ. Má tí ó wà nínú ti ìṣáájú jẹ́ wúnrẹ̀n ìyísódì. Èyí tí ó wà nínú ti ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mú tí fáwẹ̀lì rẹ̀ pajẹ níwájú àwòrán. Ẹ̀rọ kìíní ń kọ nǹkan, ẹ̀rọ kejì ń mú nǹkan wá, ó sì tún ń mú òmíràn wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbáwí ṣe yọ kúrò nínú orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fura. (Ojú kọ̀ǹpútà tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Nítorí pé ẹ́ tàbí ọ̀ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode, tí ó jẹ́ pé wọ́n ní láti to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ Yorùbá lójú fóònù láìsí àmì rárá. Bí asoromagbesi àti amohunmaworan bá fara hàn báyìí, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkọ̀ àti mímú wá ti wọlẹ̀ lọ.)

Láti ibẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú dé orí ayárabíàṣá, orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ nínú ìwé ìròyìn, nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Oríkì gidi ni: ó ní àfiwé tààrà, ó ní ẹyẹ apẹran, ó sì dùn ún pè. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ oríkì ohunkóhun tí ó bá yára. Ó bá alùpùpù mu, ó bá bàálù mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀rọ tó gba orúkọ náà, ènìyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò ni wọ́n ń pè ní computer. Orúkọ náà rántí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀dá. Ayárabíàṣá kò rántí ẹnikẹ́ni. Ibi tí ó ti níláárí sí i ni ibi tí kò jọ pé ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní lọ́kàn: àṣá tí Yorùbá mọ̀ kì í fò kiri lásán, òròmọdìẹ ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá ti kọ ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ sójú ẹ̀rọ, tí gbájúẹ̀ sì ti gbé e lọ, yóò gbọ́ orúkọ náà lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ ni ó fi ìtumọ̀ yìí kún un. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò bèèrè fún un.

Ayélujára ga ju èyí lọ, ó sì yẹ kí lámèyítọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá lu ti ní ihò; ohun tí ó bá lu já, ihò rẹ̀ ti yọ sí òdìkejì. Ayé tí ó lu já ara rẹ̀ dà bí ilé tí ẹni tí ó wà ní yàrá kan ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì, yálà wọ́n fẹ́ kí ó gbọ́ tàbí wọn kò fẹ́. Ìròyìn wà nínú rẹ̀, òfófó náà wà níbẹ̀. Ó ṣòro láti rí orúkọ mìíràn nínú èdè Yorùbá òde òní tí ó sọ̀rọ̀ nípa àṣà orí ẹ̀rọ ní ṣókí tó báyìí. Ìtàkùn àgbáyé, tí àwọn kan fi ń rọ́pò rẹ̀, kò sún mọ́ ọn. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìtàkùn inú igbó ni ó sì ń gbé wá sí ọkàn olùgbọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé òwú aláǹtakùn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn.

Síbẹ̀, ihò kì í lu ara rẹ̀. Ta ni ó lu ú, ta ni ó sì lè dí i? Ayélujára dákẹ́ lórí èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí etíkun Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti ti ilé-iṣẹ́ fóònù dẹnu kọlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn. Ayé tí wọ́n ní ó ti lu jára wá rọ̀ mọ́ okùn mélòó kan ní ìsàlẹ̀ omi, okùn tí ó ní olówó, tí ó sì ní ibi tí ó ti ń gúnlẹ̀. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí", gbólóhùn tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sórí, péye ju orúkọ náà lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn gedegbe jù ni abẹ́yẹfò, orúkọ tí àwọn oníròyìn èdè Yorùbá fún Twitter. Ẹyẹ aláwọ̀ búlúù kékeré tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe àmì ìdánimọ̀ ni ó bí i: ẹni tí ń bá ẹyẹ fò. Ó dùn létí, ọmọdé pàápàá lè lóye rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde, lórí Twitter kan náà, pé òun ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní orílẹ̀-èdè yìí. Oṣù méje ó lé díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó ṣí i padà ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ ní oṣù keje ọdún náà pé ìgbésẹ̀ ìjọba kò bófin mu. Láàárín àkókò yẹn, iṣẹ́ ńlá bọ́ sí ọrùn èdè Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà lè pa ọ̀rọ̀ olórí orílẹ̀-èdè rẹ́, olórí orílẹ̀-èdè náà sì lè pa ẹnu àwọn ọmọ ìlú mọ́. Agbára méjì ń jà lórí ohùn tí kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú wọn. Abẹ́yẹfò kò ní ohun kan láti sọ sí i. Ẹyẹ kì í ní baálẹ̀, òfurufú kì í ní bodè.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gba èdè sílẹ̀. Gbẹ́sẹ̀ lé, gbégi dínà, fòfin dè: ẹsẹ̀ ẹnì kan, igi ẹnì kan tàbí òfin ẹnì kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ń gbé olùṣe síwájú olùgbọ́ kí ó rí i. Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí èdè Yorùbá ti ro ọ̀rọ̀ ayélujára jinlẹ̀, àárín ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ó ti máa wá a.

Nígbà tí ó di 2023, abẹ́yẹfò gba ìyà àìdúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Elon Musk, tí ó ti ra ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, yọ ẹyẹ náà kúrò ní oṣù keje ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì fi lẹ́tà X rọ́pò rẹ̀. Orúkọ Yorùbá náà wá di abẹ́yẹfò tí kò ní ẹyẹ tí yóò bá fò. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ láìmọ̀ pé ó wà láyé. Irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé àjọṣe ni ó sọ. Kò gbára lé àmì ọjà ẹnikẹ́ni.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Rédíò ti ń gba èsì báyìí: olóòtú ètò ń ní kí àwọn olùgbọ́ pe òun, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ń bá wọn jiyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti di irọ́, ó sì wà lẹ́nu síbẹ̀. Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n irọ́ náà wúlò. Orúkọ tí ó sọ àjọṣe, bí àjọṣe náà bá yí padà, yóò jẹ́rìí pé ó ti yí padà. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí asọ̀rọ̀mágbèsì ń tọrọ èsì lè rẹ́rìn-ín, ìtàn àádọ́rùn-ún ọdún ni yóò sì wà nínú ẹ̀rín náà. Abẹ́yẹfò tí ó pàdánù ẹyẹ rẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohunkóhun ju pé ilé-iṣẹ́ kan pààrọ̀ àwòrán.

Ní ọ̀nà kan, ẹnu ìgboro ti ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́ ju àwọn akọ̀wé lọ. Yahoo jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lo lẹ́tà orí ẹ̀rọ rẹ̀ ní àwọn sáíbà kàfé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Láìsí ìgbìmọ̀ kankan, ìgboro sọ ọ́ di yàhúù-yàhúù, orúkọ jìbìtì, ọmọ yàhúù sì di orúkọ ẹni tí ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn rí i tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe ni wọ́n sọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátà. Dátà tí wọ́n ń rà ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo kò ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ. Ọjà tí ń tán ni, bí kẹrosíìnì. Ìyá tí ó bá sì ní "ó ń tẹ fóònù" nípa ọmọ tí kò dáhùn ìpè ti yọ gbogbo ògo ayélujára kúrò, ó ṣẹ́ku ìka.

Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni, èyí tí apá kejì tẹ̀ lé lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, ní àǹfààní kan tí orúkọ ẹ̀rọ kò ní: wọ́n wọn ọ̀rọ̀ kan mọ́ òmíràn kí ó tó jáde. Ọ̀gbìfọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ka ìròyìn ní wákàtí tí ń bọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, kò sì tọ́ láti bá a wí fún ìyẹn.

Ìdánwò tí ó wà nílẹ̀ nísinsìnyí ni ti ẹ̀rọ tí ń dáhùn ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn kan ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, àwọn mìíràn ń kọ òye àtọwọ́dá. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ọgbọ́n tí Yorùbá ń sọ ní ìwà nínú: ọlọ́gbọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́, ẹni tí ó sì gba ìmọ̀ràn rẹ̀ lè padà wá bá a bí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Ẹ̀rọ tí ń fi ìṣirò yan ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó wà nílẹ̀ kò mọ ìgbà ìdákẹ́. Bí ó bá kọ ọkọ́ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ọkọ, kò sí ojú tí yóò tì í. Apá kejì orúkọ náà ni ó gbé e níyì. Ọwọ́ wà nínú àtọwọ́dá, ó sì gba ìbéèrè láyè: ọwọ́ ta ni, ìwé ta ni wọ́n fi dá a, ta ni ó ń gba owó rẹ̀. Fún ẹni tí ń kọ Yorùbá, ìbéèrè náà kì í ṣe eré, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ní àmì ohùn. Àwọn oníròyìn tí ń gé orúkọ náà kúrú sí AI láàárín gbólóhùn Yorùbá, nítorí pé ó yá láti pè, ń gé ọwọ́ náà kúrò pẹ̀lú rẹ̀.